Bí Mo Ṣe Kọ́ Láti Bi Àgbàlagbà Ọkùnrin Léèrè Ìtọ̀ Rẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yan iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, ẹ fún mi láyè díẹ̀. Mo mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń jí láàárọ̀ nínú yín tó ń sọ pé òun fẹ́ máa kiri èbúté, kí òun máa bi àwọn bàbá bí ìtọ̀ wọn ṣe ń jáde. Èmi náà ò sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí mo ṣe nìyẹn fún ọdún márùndínlógójì, ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú, kí ìjọba tó ní kí n máa lọ sinmi, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé mo mọ̀ ọ́n ṣe. Àwọn èèyàn ń pè mí ní dókítà. Èmi kì í ṣe dókítà o. Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí, irú èyí tí wọ́n máa ń rán sí àárín ìlú kí àìsàn tó dé. Àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, èbúté Ìkòròdú, tiẹ̀ fún mi lórúkọ tiwọn. Wọ́n ń pè mí ní Dókítà Onítáyà, wọ́n ní bí mo ṣe ń fún afẹ́fẹ́ sí apá èèyàn láti wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn tó ń lẹ táyà ṣe ń fún un.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ ò gùn. Mo jáde ìwé mẹ́wàá, mo lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìlera, wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba kékeré kan ní Ẹ̀pẹ́. Owó oṣù náà ò pọ̀, mo sì fi jẹun, mo fi tọ́mọ. Ẹ jẹ́ ká lọ síbi tí ọ̀rọ̀ wà.

Ibẹ̀ ni mo ti bá Mátírọ́ọ̀nù wa pàdé. Ìyá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí kì í pariwo rárá. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n lè rò pé ó rọ̀. Odidi oṣù mẹ́fà ni kò fi jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nígbà yẹn, àpótí irin wúwo ni, mẹ́kúrì, omi irin tó ń dán, á máa gòkè á máa sọ̀ nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n máa se abẹ́rẹ́ onígò nínú omi gbígbóná, kí n máa fọwọ́, kí n sì máa ka bí iṣan ọrùn ọwọ́ èèyàn ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Tí mo bá kà á fún ààbọ̀ ìṣẹ́jú, tí mo wá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó máa mọ̀.

"Ààbọ̀ kejì ńkọ́?" ló máa ń bi mí. "Ṣé ọkàn bàbá yẹn ti sọ ohun tó fẹ́ ṣe nínú ààbọ̀ kejì fún ẹ ni?"

Ó tún ní òfin kan. Ó ní tí mo bá fẹ́ bi àgbàlagbà ní ohun tó wà nídìí ṣòkòtò rẹ̀, kí n kọ́kọ́ jókòó, kí n má dúró lé e lórí. Kí ìyàwó rẹ̀ má sí ńtòsí, kí ọmọ rẹ̀ má sí ńtòsí. Mo dáhùn pé "Bẹ́ẹ̀ ni, mà", bí mo ṣe ń dáhùn gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Etí kan ni mo fi gbọ́ ọ.

Nígbà tó wá gbà mí láyè láti máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, orí mi wú. Lọ́jọ́ kan, apẹja kan wọlé, ó ń kánjú, ó ní ẹja òun ń bàjẹ́ lọ lójú oòrùn. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé ara rẹ̀ le, ọkùnrin tó ń ti ọkọ̀ lójoojúmọ́. Mo bá kọ iye tó dáa sí káàdì rẹ̀ láìwọn nǹkan kan, mo ní kó máa lọ. Lọ́sàn-án, Mátírọ́ọ̀nù gbé káàdì náà.

"Apá wo lo fi wọ̀n ọ́n?"

"Apá òsì, mà."

"Apá òsì tó fi báńdéèjì dì wọlé yẹn? Ẹja ló gún un, dé ìgúnpá. Mo rí i bó ṣe ń kọjá."

Kò nà mí, kò bú mi. Ó gbé àpótí irin náà lé mi lórí, ó ní kí n lọ wá ọkùnrin náà rí. Mo rù ú látilé ìwòsàn dé ọjà ẹja létí omi, àwọn èèyàn ń wò mí, wọ́n ń bi mí bóyá mo ń ta rédíò. Nígbà tí mo rí i tán tí mo fi apá ọ̀tún rẹ̀ wọ̀n ọ́n, mẹ́kúrì yẹn gòkè débi tí mo ní láti tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Kò sí ohun tó ń dun ọkùnrin náà rárá. Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn. Látọjọ́ yẹn, mi ò kọ ohun tí mi ò wọ̀n sílẹ̀ mọ́ títí mo fi fiṣẹ́ sílẹ̀.

Lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́wàá, wọ́n gbé mi wá sí Ìkòròdú. Ibẹ̀ ni mo ti wá rí i kedere pé àwọn ọkùnrin ò sí nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa. Bẹ́ǹṣì wa kún fún aboyún àti àwọn tó gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Tí bàbá ẹni ọgọ́ta ọdún bá wọlé, àárín àwọn aboyún ló máa jókòó sí, wọ́n á máa wò ó. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa wá bẹ́ẹ̀. Mo bá lọ bá ọ̀gá wa, mo ní tí àwọn ọkùnrin ò bá wá, kí wọ́n jẹ́ kí n máa lọ bá wọn. Wọ́n yọ̀ǹda ọjọ́bọ̀ fún mi. Mo gbé tábìlì kan àti àga méjì lọ sí èbúté Ìpakodò, lábẹ́ búkà tí àwọn èrò ti ń dúró de ọkọ̀. Ẹ̀rọ ìgbà yẹn ti fúyẹ́, ó ti ní ojú bíi ti aago, ó ń wọ inú báàgì. Láàárín oṣù mẹ́ta, àwọn ọlọ́kọ̀ ti ń tò sí ọ̀dọ̀ mi. Àwọn kan tiẹ̀ ń bá ara wọn jiyàn lórí ẹ̀jẹ̀ ta ló dáa jù. Inú mi ń dùn, mo ń rìn bí ẹni tó ni èbúté.

Ìgbà yẹn ni fọ́ọ̀mù kan dé. Wọ́n fẹ́ ká máa bi àwọn ọkùnrin tó ti lé lógójì ọdún ní ìbéèrè mélòó kan. Ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ nípa ìtọ̀, nítorí kókó kékeré kan wà lábẹ́ àpò ìtọ̀ tó jẹ́ pé ọkùnrin nìkan ló ní in, ó sì máa ń wú bí ọjọ́ orí bá ṣe ń lọ. Ó lè wú lásán, ó sì lè jẹ́ jẹjẹrẹ. Ẹni tó bá wọn túmọ̀ fọ́ọ̀mù náà sí Yorùbá, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ohun tó kọ síbẹ̀ ni pé: "Ṣé àtọ̀sí ń ṣe yín?" Ẹ̀yin náà mọ̀ pé lẹ́nu tiwa, àtọ̀sí ni àìsàn tí ọkùnrin máa ń kó nígbà tó bá lọ síbi tí kò yẹ kó lọ. Ó yẹ kí n mọ̀. Mo mọ̀, àmọ́ mi ò rò ó. Inú ìwé ìjọba ló wà, mo bá ń kà á.

Ọlọ́kọ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ìdòwú. Ará Ìlàjẹ ni, ó ti pẹ́ tó ti ń gbé etí ọ̀sà wa, alàgbà sì ni nínú ìjọ rẹ̀. Ó ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún nígbà náà. Ìdòwú ọmọ rẹ̀, gende bíi ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ni wọ́n jọ ń wa ọkọ̀. Lọ́jọ́bọ̀ kan, bàbá yìí jókòó síwájú mi, mo di apá rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dáa. Mo dìde dúró, mo gbé fọ́ọ̀mù sókè. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ méjì ń dún lẹ́yìn wa, mo sì gbé ohùn sókè kó lè gbọ́.

"Bàbá, ṣé àtọ̀sí ń ṣe yín?"

Bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ, ẹ́ńjìnnì kan kú lásìkò yẹn. Gbogbo búkà ló gbọ́. Obìnrin kan láàárín àwọn èrò ló kọ́kọ́ pariwo pé, "Ha! Alàgbà!" ni ẹ̀rín bá bú sáfẹ́fẹ́. Bàbá náà tú ohun tí mo dì mọ́ ọn lápá, ó gbé e lé orí tábìlì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ọ̀gbẹ́ni, ṣé èmi lo bi ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀, lójú ọmọ mi?"

"Ẹ má bínú, sà. Fọ́ọ̀mù ló ní ká béèrè."

Ó dìde, ó lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀, Ìdòwú sì wò mí látòkè délẹ̀ kó tó tẹ̀ lé e. Èmi ní tèmi, mo jókòó, mo kọ "rárá" síwájú ìbéèrè náà, mo pe ẹni tó kàn.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Ìdòwú àtàwọn ọlọ́kọ̀ méjì gbé bàbá náà wá sílé ìwòsàn wa nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn ni ìtọ̀ rẹ̀ ti dí pátápátá, ikùn rẹ̀ wú, ẹ̀yìn sì ń dùn ún débi tí kò lè jókòó. Èmi ni mo ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ tí ìtọ̀ náà fi rọ́nà jáde. Nígbà tí ara tù ú, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní kí n sún mọ́ òun.

"Ọjọ́ tí o bi mí yẹn, ó ti ń ṣe mí. Tí mo bá dúró létí ọkọ̀ láti tọ̀, màá dúró títí. Mo ti ń wá ẹni tí mo máa sọ ọ́ fún. Ìwọ lo wá pè é lórúkọ tí mi ò lè jẹ́."

Ìdòwú dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Nílé ìwòsàn ńlá tí a gbé e lọ, wọ́n ní jẹjẹrẹ ti inú kókó náà ti dé egungun ẹ̀yìn. Bàbá náà lo oṣù méje sí i. Nígbà tí mo lọ síbi ìsìnkú rẹ̀, Ìdòwú pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Kò gbóhùn sókè. Ó kàn ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wọlé." Mo yí padà, mo lọ sílé. Ó dùn mí dé egungun, ó ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ bá Mátírọ́ọ̀nù, tó ti fẹ̀yìn tì. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé ó máa rẹ̀ mí lẹ́kún.

"O dúró bi í?"

"Mo dúró, mà."

"Lójú èrò, lójú ọmọ rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ti ń lo ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù. Báwo ni àwọn ọkùnrin fúnra wọn ṣe ń sọ ọ́? Ṣé o ti gbọ́ rí?"

Mi ò gbọ́ rí. Ẹni tó ń béèrè lọ́wọ́ ọkùnrin fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́wàá, kò gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láàárín ara wọn. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́tí. Ní Ìpakodò, àwọn ọlọ́kọ̀ á ní, "Ọ̀rẹ́, ó máa ń pẹ́ kó tó wá." Ní Ìgbògbò, kápẹ́ńtà kan sọ fún èkejì rẹ̀ pé òun kì í sùn tán, ẹ̀ẹ̀mẹrin lòun ń dìde. Ní Ẹ̀pẹ́, níbi tí àwọn bàbá ti ń ṣe àlùwàlá níwájú mọ́sáláṣí, mo gbọ́ ohun tó yà mí lẹ́nu jù. Àwọn bàbá Mùsùlùmí ń ráhùn pé lẹ́yìn tí àwọn bá tọ̀ tán, ó tún ń kán sí àwọn láṣọ, àlùwàlá àwọn ò dúró mọ́. Lójú tiwọn, ọ̀rọ̀ ìrun ni. Wọ́n ń bi Ààfáà léèrè, kò sí ẹni tó ń bi dókítà.

Ni mo bá ju fọ́ọ̀mù yẹn sínú dúrọ́ọ̀. Mo gbé àga mi lọ sẹ́yìn búkà, níbi tí kò sí èrò. Mo ń jókòó. Tó bá jẹ́ ọlọ́kọ̀, màá ní, "Bàbá, tẹ́ ẹ bá dúró létí ọkọ̀, ṣé kì í pẹ́ kó tó wá?" Tó bá jẹ́ bàbá Mùsùlùmí, màá ní, "Àlùwàlá yín ńkọ́, sà, ṣé ó ń dúró?" Alhaji kan di ọwọ́ mi mú tìyanu-tìyanu, ó ní, "Ta ló sọ fún ẹ?" Látìgbà yẹn, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, wíwú lásán ni, oògùn sì ràn wọ́n lọ́wọ́. Àwọn díẹ̀ ní èyí tí kò dáa, a tètè rí i, wọ́n ṣì ń jẹun lónìí. A ń rí ẹ̀jẹ̀ ríru, a ń rí ìtọ̀ ṣúgà. Mi ò ní fi ìrẹ̀lẹ̀ èké pa á mọ́: iṣẹ́ yẹn dáa, èmi ni mo sì ṣe é.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Ìdòwú ò kúrò lọ́kàn mi. Ohun tó pa bàbá rẹ̀ máa ń bá ìdílé rìn. Ọmọ ẹni tó ní in ò gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí nǹkan kan bá ń dùn ún, láti bí ẹni ogójì ọdún ló ti yẹ kó máa lọ fún wọn lẹ́jẹ̀ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tó yá, Ìdòwú ti kọjá ogójì, ó sì ní àbúrò ọkùnrin mẹ́ta. Mo rán ìyàwó rẹ̀ sí i pé kó lọ ṣe àyẹ̀wò, mo rán olùṣọ́ àgùntàn ìjọ rẹ̀. Tí mo bá kí i ní èbúté, á wa ọkọ̀ rẹ̀ sún síwájú. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n fún mi ní aago ògiri, wọ́n ya fọ́tò, mo lọ ra ẹ̀rọ tèmi, èyí tó ń lo bátìrì tó ń fi nọ́ńbà hàn fúnra rẹ̀, mo sì padà sí Ìpakodò lọ́jọ́bọ̀. Ìdòwú ti pé ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Bí ọjọ́ ṣe ń kọjá, ẹ̀rù ń bà mí sí i nítorí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀ kan, mo rí i tó ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, àwọn èrò ti wọ jákẹ́ẹ̀tì omi, wọ́n ń tò. Mo rìn lọ bá a. Ìbéèrè kan péré ló ń da ọkàn mi láàmú: níbo ni mo ti ṣẹ bàbá rẹ̀? Lójú èrò ni. Mo bọ́ fìlà mi, mo sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí pákó èbúté, èmi ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, níwájú ẹni tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí.

"Ìdòwú, mo dójú ti bàbá yín níbí yìí. Mo bẹ̀ yín."

Àwọn èrò pariwo. Ìdòwú fò sẹ́yìn, ó tún fò síwájú, ó ń fà mí lápá. "Ẹ dìde! Bàbá, ẹ dìde, ẹ fẹ́ gégùn-ún fún mi ni? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́!"

"Mi ò dìde àfi tẹ́ ẹ bá gbà láti lọ ṣe àyẹ̀wò."

"Mo gbà! Mo ti gbà, sà. Ẹ ṣáà dìde." Nígbà tí mo dìde tán, ó ń gbọn eruku kúrò láṣọ mi. Ó wá wò mí lójú fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ogún ọdún. "Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Ìgbà wo lẹ ṣe tiyín gbẹ̀yìn?"

Mi ò ṣe é rí. Ẹ fi mí rẹ́rìn-ín, mo yẹ ní ẹni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín. Mo sọ òtítọ́ fún un, òun náà sì rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa, àwa méjèèjì là ń lọ." Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì kan, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára wa. Kókó tèmi ò ní nǹkan kan, ẹ̀jẹ̀ ríru ni wọ́n bá lára Dókítà Onítáyà, mo ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀ báyìí. Ẹ̀jẹ̀ Ìdòwú ni kò dáa. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò síwájú sí i, wọ́n rí jẹjẹrẹ náà: ó kéré, kò tíì jáde kúrò nínú kókó náà. Kò sì sí ohun tó ń ṣe é. Kò dùn ún, kì í pẹ́ kó tó tọ̀, kò mọ nǹkan kan. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Oṣù kẹrin, ó ti padà sẹ́nu ọkọ̀ rẹ̀.

Ní ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ó kó àbúrò rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá bá mi lẹ́yìn búkà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ dá mi lóhùn wẹ́rẹ́. Àbíkẹ́yìn wọn, ẹni ọdún méjìdínlógójì, jókòó, mo bi í, ó ní kò sí nǹkan kan. Mo tún bi í lọ́nà mìíràn, ó ní kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó tẹ orí mọ́lẹ̀. Ìdòwú tó dúró lókèèrè wá fọwọ́ lé e léjìká.

"Bàbá wa ò rí i sọ," ló wí. "Ìwọ, sọ ọ́."

Ọ̀dọ́kùnrin náà wojú omi fún ìgbà díẹ̀, ó sì sọ ọ́.